Bàtà Ẹsẹ̀ Kan Lórí Ẹní

Ní ilé-ìwòsàn kékeré kan ní GRA, ní Ìlọrin, obìnrin kan wà tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Oníkáàdì. Hàlímọ̀tù ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ ahunṣọ kan ní Òkèlele. Ó ti lo ọdún mẹ́tàlélógún nínú yàrá tí wọ́n ń kó káàdì àwọn aláìsàn sí. Fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá náà ní, pákó ìkẹ́rù sì yí ògiri rẹ̀ ká láti ilẹ̀ títí dé òkè àjà.

Bí aláìsàn bá dé, kì í ṣe nọ́ńbà ni Hàlímọ̀tù kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Á wo onítọ̀hún lójú, á kí i, á bèèrè àwọn ará ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ti máa gbé e lọ síbi tí káàdì ẹni náà wà. Ó mọ èyí tí òjò pa létí. Ó mọ èyí tí tíì dà sí, àti èyí tí ọmọ kan fi bírò ya ẹja sí lẹ́yìn. Á ní, "Ti Talatu ni èyí tí igun rẹ̀ ká bí etí àgùntàn yìí," á sì fà á yọ láìwo orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa sọ pé Ìyá Oníkáàdì lè gbàgbé orúkọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò lè gbàgbé àbàwọ́n ara káàdì rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1998, kọ̀ǹpútà mẹ́ta dé sí ilé-ìwòsàn náà. Wọ́n gba ọ̀dọ́mọbìnrin kan síṣẹ́ láti da ohun tó wà nínú káàdì kọ sínú wọn, kí ó sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní lílò wọn. Tiwalọlá ni orúkọ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ni, ilé àwọn òbí rẹ̀ sì wà ní Adéwọlé. Bí wọ́n bá ti da káàdì kan kọ tán, wọ́n á kó o sínú àpótí, wọ́n á gbé e lọ sí yàrá ẹrù lẹ́yìn ilé.

Àwọn tó rò pé Hàlímọ̀tù á bẹ̀rù ẹ̀rọ náà ṣì í mọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti lè fi máòsì, ohun kékeré tó wọ àtẹ́lẹwọ́ yẹn, darí ọfà ojú kọ̀ǹpútà síbi tó bá fẹ́. Bí ó bá ti wọlé tán, kò sí wàhálà mọ́. Ibi tí wàhálà wà ni ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹ̀rọ náà ti ń bèèrè ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n ń pè ní pásíwọ́dù.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí oníkálukú yan ọ̀rọ̀ tirẹ̀, Hàlímọ̀tù kọ Bismillah. Ó yé e pé kò yẹ kí ènìyàn ṣí ilẹ̀kùn kankan láìkọ́kọ́ pè é. Ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ ló ti kọ ọ́ ṣáájú rẹ̀, ìdajì tó kù sì kọ orúkọ Jésù. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ẹni tí kò lè ṣí kọ̀ǹpútà ẹnì kejì. Ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèbámijí, akọ̀wé àgbà ilé-ìwòsàn náà, bá fi òfin de gbogbo rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkùnrin yìí, kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí nǹkan wọ́ rárá. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀rọ ni yóò máa pín ọ̀rọ̀ àṣírí fúnra rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀ mọ́ ara wọn, yóò sì máa yí padà lóṣooṣù.

Níbẹ̀ ni ọ̀nà ti há mọ́ Hàlímọ̀tù. Àwọn lẹ́tà náà kò ní ìtumọ̀, wọn kò ní àwọ̀, wọn kò sì jọ ẹnì kankan tó mọ̀. Bí ó bá tún ń tẹ̀ wọ́n, kò ní rí wọn. Ìràwọ̀ kéékèèké ni ẹ̀rọ náà máa ń tò sójú dípò wọn. Ó kọ wọ́n sínú bébà, ó fi bébà náà sábẹ́ ìbòrí rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan bá a nílẹ̀ nínú ọgbà, Ọ̀gbẹ́ni Oyèbámijí sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú bébà mọ́. Bí ènìyàn bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ á ti ara rẹ̀ pa, Tiwalọlá nìkan ló sì lè ṣí i.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin oníṣu kan láti Ìpàtà gbé ọmọ tí gìrì mú dé. Dókítà fẹ́ mọ oògùn tí ara ọmọ náà kò gbà nígbà tó wá kẹ́yìn. Hàlímọ̀tù mọ ọmọ náà, ó mọ ìyá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé wọ́n fi yíǹkì pupa kọ orúkọ oògùn yẹn sára káàdì rẹ̀. Ṣùgbọ́n káàdì ti wọ àpótí, láàárín ọ̀pọ̀ àpótí ní yàrá ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò lè tètè tú. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ tì pa. Tiwalọlá ti jáde lọ ra yíǹkì ẹ̀rọ. Ogún ìṣẹ́jú kọjá kó tó dé. Ọmọ náà yè, àlùmdúlíláì, àmọ́ ìyá rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá káàdì ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Oyèbámijí ránṣẹ́ pè é.

"Ẹ jókòó, Ìyá," ló wí. "Mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n irú ti òní kò gbọ́dọ̀ tún ṣẹlẹ̀ níbí."

"Òótọ́ ni, Ọ̀gá."

"Mo fún yín di ọjọ́ Jímọ̀. Tí ẹ bá lè wọ inú ẹ̀rọ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta fúnra yín lójú mi, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́. Tí kò bá ṣeé ṣe, màá gbé yín lọ sí yàrá aṣọ. Owó oṣù yín kò ní dín."

Yàrá aṣọ ni wọ́n ti ń ká aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì.

"Ó ku ọdún mẹ́rin kí n fẹ̀yìn tì, Ọ̀gá. Kì í ṣe ti owó. Aṣọ kì í dáhùn bí ènìyàn bá kí i."

Oyèbámijí tún ìwé orí tábìlì rẹ̀ tò. Ó kàn tún sọ pé ọjọ́ Jímọ̀ ni.

Nígbà tí Tiwalọlá wọ yàrá káàdì, ó bá Hàlímọ̀tù tó ń nu àwọn pákó tó ti ṣófo. Káàdì díẹ̀ ló kù nílẹ̀. Ọmọbìnrin náà mú ọ̀kan, ó fi ọwọ́ bo orúkọ ara rẹ̀, ó nà án sí i.

"Màámi, ta ló ni èyí?"

"Ti Gbénró ni, tíṣà tó ní ikọ́ fée. Ṣé o kò rí ibi tí sítépù tó so bébà rẹ̀ pọ̀ ti já?"

"Èyí ńkọ́?"

"Ti ìyá Favour. Ó máa ń fi í fẹ́ ara rẹ̀ tí ooru bá mú, ìdí nìyẹn tó fi tẹ̀. Kí lò ń wá, ọmọ mi?"

Tiwalọlá jókòó lórí àpótí. "Mo rò pé àwa la ṣì yín lọ́nà, mà. Ojú yín ló ń rántí nǹkan, àwa sì ń fi lẹ́tà dà á láàmú." Ó dá káàdì náà padà sórí pákó. "Mo kà á nínú ìwé ìròyìn kan pé àwọn kan lókè òkun ti ń gbèrò láti máa fi àwòrán ṣe pásíwọ́dù. Mo lè gbìyànjú ẹ̀. Ẹ bá mi mú àwòrán kan wá lọ́la, èyí tí ẹ mọ̀ bí ẹní mọwó. Màá gbé e sójú kọ̀ǹpútà, ẹ ó wá tẹ ibi mẹ́rin lára rẹ̀, ní ìtẹ̀léra tí ẹ̀yin nìkan mọ̀. Tí ó bá bára mu, á ṣílẹ̀kùn fún yín."

"Kò sí lẹ́tà níbẹ̀?"

"Kò sí, mà."

"Àwọn ìràwọ̀ yẹn ńkọ́?"

"Kò sí ìràwọ̀ kankan."

"Ó dáa," ni Hàlímọ̀tù wí. "Àwòrán kan ṣoṣo náà ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọdún Iléyá 1958 ni wọ́n ya àwòrán ọ̀hún nínú agbo ilé wọn ní Òkèlele. Ó fi aṣọ funfun wé e wá ní ọjọ́ kejì. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí àga nínú agbádá, ìyá rẹ̀ jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, Mohammed ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì àga. Hàlímọ̀tù fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, jókòó sórí ẹní níwájú wọn, ọwọ́ rẹ̀ kan nà jáde bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan. Ìkòkò mẹ́rin tí ìyá rẹ̀ mọ wà lára ògiri. Búútà àlùwàlá kan dojú dé nílẹ̀. Ní etí àwòrán lọ́wọ́ òsì, ìrù àgbò ló yọ, àgbò fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bàtà ọmọdé kan, ẹsẹ̀ kan péré, sì wà lórí ẹní.

"Bàtà ta nìyí, mà?"

"Ti Hamzah, àbúrò mi. Kò dúró." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Tiwalọlá náà kò bèèrè sí i.

Nítorí pé àwòrán náà kò ní èkejì láyé, Hàlímọ̀tù kò jẹ́ kí wọ́n mú un kúrò lójú òun. Òun àti Tiwalọlá ni wọ́n jọ wọ takisí lọ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Òpópónà Táíwò, níbi tí ẹ̀rọ tó ń da àwòrán kọ sínú kọ̀ǹpútà wà. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ náà kọjá lábẹ́ àwọn òbí rẹ̀, ó di àyà mú. Lẹ́yìn náà, Tiwalọlá jókòó sídìí iṣẹ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, agbo ilé Òkèlele ti wà lójú kọ̀ǹpútà, ó fẹ̀ ju ti ọwọ́ lọ, ó sì mọ́ gaara.

"Ó yá, mà. Ẹ yan ibi mẹ́rin. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ojú Bàbá."

Hàlímọ̀tù gbé ọfà náà lọ sókè. Nígbà tó súnmọ́ ojú bàbá rẹ̀, ó dá ọwọ́ dúró.

"Ọfà ni kí n nà sí Bàbá mi lójú?"

"Kì í ṣe ọfà gidi, mà."

"Mo mọ̀. Ọwọ́ mi ni kò gbà." Ó fa ọfà náà wá sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹsẹ̀ la ń kúnlẹ̀ sí. Nígbà tí mo bá ń yan tèmi, kí o yíjú sẹ́yìn."

Tiwalọlá yíjú sẹ́yìn. Ó gbọ́ tí máòsì dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Hàlímọ̀tù tún un ṣe, ilẹ̀kùn ṣí. Ó tún un ṣe, ó tún ṣí. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Oyèbámijí dé, ó wo àwòrán náà pẹ́. Danjuma, awakọ̀ ilé-ìwòsàn, tẹ̀ lé e wọlé láti wòran.

"Àwòrán tí gbogbo ojú ń rí lẹ fẹ́ fi ṣe àṣírí?" ni akọ̀wé àgbà bèèrè. "Ẹ jẹ́ kí n dán an wò. Tí èmi tí mi ò mọ nǹkan kan bá lè ṣí i kí ìgbà mẹ́ta tó pé, ẹ gbà pé kì í ṣe kọ́kọ́rọ́."

Ó tẹ ojú Bàbá, ojú Ìyá, ojú Mohammed àti ojú Hàlímọ̀tù kékeré. Ẹ̀rọ kò gbà. Ó fi ọwọ́ gba àgbọ̀n. Ó wo Hàlímọ̀tù, ó tún wo àwòrán. Ó wá tẹ bàtà Bàbá, ó tẹ ẹsẹ̀ Ìyá, ó tẹ ẹsẹ̀ Mohammed, ó tẹ ẹsẹ̀ ọmọbìnrin orí ẹní. Ilẹ̀kùn ṣí.

Tiwalọlá fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wo bí ẹ ṣe ń kí ènìyàn láàárọ̀, Ìyá," ni Oyèbámijí wí, ohùn rẹ̀ kò sì le. "Ẹ kì í kí èmi ọ̀gá yín kí ẹ tó kí Bàbá aṣọ́gbà, torí ó dàgbà jù mí lọ. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní fọwọ́ kan àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n, ẹ kò sì ní na nǹkan sí òbí lójú."

"Ẹ̀kọ́ ilé ló tú yín láṣìírí, Ìyá Oníkáàdì," ni Danjuma wí. "Ká ní èmi ni, orí àgbò ni mo máa kọ́kọ́ tẹ̀. Ọdún Iléyá kúkú ni."

"Àgbò yẹn kò ní orí nínú àwòrán, Danjuma."

"Ẹran ẹ̀ ni mo ń wò, mi ò wá orí ẹ̀."

Hàlímọ̀tù fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wo àwọn pákó tó ṣófo, ẹ̀rín náà kò jáde. Oyèbámijí dìde. "Ó ṣì ku ọ̀la," ló wí, ó sì jáde.

Lẹ́yìn ìrun àsárì ní ọjọ́ náà, Hàlímọ̀tù gbé àwòrán náà lọ bá Mohammed nínú agbo ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé àwòrán náà lé e lórí itan, ó fi ìka wá ibi tí bàtà kékeré náà wà.

"Bàbá ní kí aláwòrán tún un yà," ni Mohammed wí. "Ọ̀gbẹ́ni náà ní fíìmù òun ti tán. Ó ní kí a dúró di ọdún tó ń bọ̀."

"Mo rántí."

"Hamzah ló kọ́kọ́ jókòó nínú gbogbo wa. Àfi bíi pé ẹ̀gún wà lórí ẹní yẹn. Ìwọ lo dì í mú."

"Èmi ni mo dì í mú," ni Hàlímọ̀tù wí. "Ó rí àgbò. Ó fò dìde, bàtà rẹ̀ kan bọ́. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó gbá búútà Bàbá dànù, omi dà sí mi lẹ́sẹ̀, ó tutù. Ìgbà tí ẹ̀rọ aláwòrán yẹn fi máa dún, ìrù àgbò ló ń lé lọ."

Mohammed rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Ọyẹ́ ọdún yẹn ni èéyi pa Hamzah, ọmọ ọdún márùn-ún. Kò sí àwòrán mìíràn tí wọ́n yà á sí, kò sì sí nínú èyí náà. Nígbà kan, ẹnìkan sọ fún ìyá wọn pé kí ó jẹ́ kí wọ́n gé etí àwòrán náà kúrò kí ó lè gún régé. Ìyá kọ̀. Ó ní ibi tí ọmọ òun sáré gbà lẹ fẹ́ gé yẹn.

Hàlímọ̀tù tún àwòrán náà wò. Ó wo bàtà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó nà jáde, tó ṣófo. Ó wo búútà tó dojú dé, lẹ́yìn náà ó wo ìrù àgbò. Ó ti mọ ọ̀nà yẹn fún ogójì ọdún. Kò sí àgbàlagbà kankan lójú ọ̀nà náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó ní kí Tiwalọlá jẹ́ kí òun yan ibi mẹ́rin mìíràn. Kò pẹ́ tó fi yàn wọ́n tán.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèbámijí jókòó. Ó tẹ ẹsẹ̀ wọn láti orí àbúrò lọ sórí ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ kò gbà. Ó tẹ ọwọ́ gbogbo wọn ní ìtẹ̀léra. Kò gbà. Ó sinmi, ó tẹ ìkòkò mẹ́rin tó wà lára ògiri, torí ó mọ̀ pé amọ̀kòkò ni ìyá Hàlímọ̀tù. Ẹ̀rọ ti ara rẹ̀ pa.

"Ọ̀gá," ni Danjuma wí láti ẹnu ọ̀nà, "ó jọ pé ẹ̀yin lẹ máa lọ sí yàrá aṣọ."

Akọ̀wé àgbà kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Tiwalọlá ṣí ẹ̀rọ náà, gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn, wọ́n dojú kọ ògiri bí ọmọ ilé kéú tí wọ́n ń jẹ níyà. Máòsì dún lẹ́ẹ̀mẹrin, ilẹ̀kùn ṣí. Hàlímọ̀tù jáde, ó tún wọlé. Ó jáde, ó tún wọlé. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò dúró kí wọ́n sọ fún un, ó ti tẹ orúkọ ọmọ Ìpàtà, ó sì ka orúkọ oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà jáde fún wọn.

"Ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín, Ìyá," ni Oyèbámijí wí. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Ṣé ẹ kò tiẹ̀ tẹ Bàbá rárá ni?"

"Ẹ ti lo ìgbà mẹ́ta yín, Ọ̀gá."

Láti ọjọ́ náà, bí Hàlímọ̀tù bá ti kí Bàbá aṣọ́gbà, tó kí akọ̀wé àgbà, tó kí àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe dàgbà sí, á wọ yàrá rẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, á tan kọ̀ǹpútà. Agbo ilé Òkèlele á yọ sí i. Ní gbogbo ayé rẹ̀, kò tíì kí àbúrò ṣáájú òbí rí, àfi níbẹ̀. Á gbé ọfà sórí bàtà kékeré náà.

"Hamzah, ṣé o jí dáadáa?" ni á wí, kò ní pariwo.

Á tẹ bàtà. Á tẹ ọwọ́ ara rẹ̀ tí ọmọ náà ti bọ́ lọ. Á tẹ búútà, á sì tẹ̀ lé e dé ibi ìrù àgbò ní etí àwòrán. Nígbà náà ni ilẹ̀kùn á ṣí, á sì pe ẹni àkọ́kọ́ tó ń dúró níta wọlé.